Ilẹ̀kùn Tí Wọ́n Tì Láti Ìta

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí nǹkan ṣe ń lọ ní àdúgbò kan, ẹ má wulẹ̀ lọ bi àwọn tó ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ẹ lọ bi ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìsọ̀ abẹ́ àtẹ̀gùn tó wà, bí èèyàn bá gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá kan wá, ẹ̀dà mẹ́fà, ẹ̀dà méje ni wọ́n máa ń ní kó gé: ti bàbá, ti ìyá, ti àwọn ọmọ, ti àbúrò ìyàwó tó wá kọ́ṣẹ́, ti ìyá ọkọ tó ní òun kàn wá kí wọn, tó sì jókòó pa. Ní báyìí ńkọ́? Ẹyọ kan péré. Ọ̀dọ́ kan á yọjú, á na kọ́kọ́rọ́ sí i láìyọ nǹkan tó kì bọ etí, á ní kó bá òun gé ọ̀kan sí i nítorí bóyá tòun á sọnù. Bí Bàbá bá bi í léèrè ẹni tí wọ́n jọ ń gbé, á ní òun nìkan ni. Ìgbà mìíràn á ní òun àti ajá òun.

Ẹ ò gbọ́ nǹkan. Yàrá mẹ́rin tí ìdílé mẹ́rin ń gbé tẹ́lẹ̀, wọ́n ti wó ògiri àárín wọn, ẹnì kan ló ń gbé ibẹ̀ báyìí, ó sì tún ń ṣàròyé pé àyè ò gba òun. Pápá tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù ti di ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ilé ìwé tí wọ́n ń jókòó lé ara wọn lẹ́sẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti pa kíláàsì méjì dé nítorí kò sọ́mọ tó máa jókòó síbẹ̀. Àwọn tó ń tún bàtà ṣe, àwọn aránṣọ, àwọn mẹkáníìkì, gbogbo wọn ti ṣí lọ sí ẹ̀yìn ìlú níbi tí owó ilé kò tíì gun òrùlé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á tún wọ bọ́ọ̀sì padà wá gbálẹ̀ fún àwọn tó gba yàrá lọ́wọ́ wọn.

Ìjọba rán àwọn èèyàn wá wádìí àdúgbò náà lọ́dún kan. Wọ́n ya ilé kiri, wọ́n ń béèrè iye ẹni tó wà ńlé àti iye tó ń wọlé. Kò pẹ́ tí rédíò fi ń pariwo pé àdúgbò yìí ti gòkè, pé owó tó ń wọlé fún ilé kọ̀ọ̀kan ti di ìlọ́po méjì láàárín ọdún díẹ̀. Orí burúkú wo nìyẹn! Owó ta ló di ìlọ́po méjì? Bí o bá lé tálákà jáde, tí o kó olówó wọlé, tí o wá ka owó olówó, ṣé tálákà ló là yẹn? Bàbá Kọ́kọ́rọ́ pa rédíò náà lọ́jọ́ tó gbọ́ ọ, ó ní irọ́ tó ń gun kẹ̀kẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, nítorí olówó ń ra àgádágodo ju tálákà lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tiẹ̀ wà. Ọkùnrin kúkúrú ni, ìka rẹ̀ dúdú fún epo àti ìdàrọ́ irin, ó fẹ́ràn àwàdà, kò sì fẹ́ wàhálà rárá. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ nà án gan-an, ṣùgbọ́n ó kọ́ ọ ní ohun kan tí kò gbàgbé: kọ́kọ́rọ́ ilé onílé kì í sùn nínú àpò agékọ́kọ́rọ́. Bó bá ti parí iṣẹ́, gbogbo kọ́kọ́rọ́ ló máa kó lé oníṣẹ́ lọ́wọ́, á sì tú àpò rẹ̀ síta kí wọ́n rí i. Ìyẹn ni wọ́n ṣe ń fọkàn tán an. Ìyàwó rẹ̀, tó ń fọṣọ fáwọn èèyàn, máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ pé òun nìkan ni ọkùnrin tí àpò rẹ̀ mọ́ nínú àti lóde.

Ìsọ̀ abẹ́ àtẹ̀gùn yẹn, onílé kan náà ló ni òun àti àgbàlá ńlá kan tó wà ní òpópónà ẹ̀yìn. Nígbà tí bàbá onílé wà láyé, èèyàn lè jẹ ẹ́ lówó ilé kó sì tún bá a ṣeré. Ó kú, àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun ní kí èjẹ́ńtì máa bá àwọn mójú tó o. Èjẹ́ńtì yìí, ọmọ jẹ́jẹ́ ni. Kì í pariwo, kì í búni, "Bàbá wa" ló máa ń pe gbogbo àgbàlagbà. Bó bá ti pè ọ́ ní Bàbá wa lẹ́ẹ̀mẹta, ká ẹrù rẹ. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń bá sọ̀rọ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń fún ní owó táṣẹ́rẹ́ kó fi kó lọ, títí àgbàlá tó máa ń hó bí ọjà fi dákẹ́. Wọ́n tún òkè rẹ̀ kùn, wọ́n fi àwọn ọ̀dọ́ tó ń dá gbé síbẹ̀. Ìsàlẹ̀ ló kù, níbẹ̀ náà, yàrá kan péré ni kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e.

Yàrá Bàbá Dírẹ́bà ni. Bàbá yìí wa ọkọ̀ akẹ́rù títí irun rẹ̀ fi funfun. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí inú àgbàlá yẹn ni òun náà gbé nígbà tó wà ní àpọ́n, ògiri kan ló wà láàárín wọn. Ìgbà tí ibà fẹ́ gbé e lọ, ìyàwó Dírẹ́bà, tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá, ló ń po ògì fún un, Bàbá Dírẹ́bà ló ń gbé e lọ sílé ìwòsàn nínú ọkọ̀ akẹ́rù, "àbúrò mi" ló sì máa ń pè é. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí ayé ṣe rí. Èèyàn á gbéyàwó, á kó lọ sí òpópónà mìíràn, kíkí á di ti ọ̀sẹ̀, ti ọ̀sẹ̀ á di ti oṣù, nígbà tó bá yá, ẹ ó máa bi ara yín pé ṣé lágbájá ṣì wà. Ó ti pẹ́ tí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ rí Bàbá Dírẹ́bà gbẹ̀yìn. Ó gbọ́ fìrì pé ara rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ yá, ó sì ń pinnu pé òun á lọ wò ó. Ó ṣì ń pinnu ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, èjẹ́ńtì wá bá a ní ìsọ̀. Ó ní wọ́n ti kó kúrò ní yàrá Dírẹ́bà, ẹrù wọn nìkan ló kù, iṣẹ́ díẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ó fẹ́ kó fi irin gbọọrọ dábùú ilẹ̀kùn náà, kó fi àgádágodo tó le jù lọ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kó sì fi pákó kan fèrèsé pa kí olè má bàa wọlé. Ó ní kó má fọwọ́ kan àgádágodo tí wọ́n fi sílẹ̀, kó má sì ṣí ilẹ̀kùn rárá, kí wọ́n má lọ sọ pé àwọn jí nǹkan wọn. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó dùn gbọ́: wọ́n fẹ́ kọ́ ilé tuntun sí àgbàlá náà, gbogbo ilẹ̀kùn rẹ̀ látòkè délẹ̀, Bàbá wa ló máa ṣe é.

Ẹni tó bá sọ pé inú òun ò ní dùn sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó tẹ̀ lé e. Àgbàlá náà dákẹ́ rọ́rọ́. Ó jọ pé gbogbo àwọn tó ń gbé òkè ti lọ síbi iṣẹ́. Ní ayé àtijọ́, kó tó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, èèyàn mẹ́wàá ni ì bá ti bi í léèrè ohun tó wá ṣe, ọ̀kan á gbé àga fún un, òmíràn á ní òun mọ̀ pé wọ́n fẹ́ lé àwọn ni. Lónìí, kò sí ẹni tó jáde.

Ó wo ilẹ̀kùn náà. Àgádágodo kékeré tó ti ń dípatà ló wà lára rẹ̀ níta. Ó yíjú sí èjẹ́ńtì.

"Ṣé ó dá yín lójú pé kò sẹ́nì kankan nínú ilé?"

Èjẹ́ńtì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Bàbá wa, àgádágodo wà níta. Ta ló máa wà nínú yàrá tí wọ́n tì láti ìta?"

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Ó fi òòlù lu ihò sí ògiri, ó fi sìmẹ́ńtì de irin náà mọ́ ọn, ó fi àgádágodo tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ó fi ayùn ọwọ́ gé orí àwọn nọ́ọ̀tù kí ẹnikẹ́ni má lè yí wọn. Ìgbà tó dé ìdí fèrèsé, tí aṣọ bò láti inú, tó ń kan pákó mọ́ ọn, ó gbọ́ nǹkan. Nǹkan kan wọ́ nílẹ̀ nínú yàrá, ó wọ́ rẹ̀rẹ̀ẹ̀rẹ̀, ó sì dúró. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ gbé òòlù dúró lókè. Ó tẹ́tí. Èjẹ́ńtì ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́bàá géètì, kò gbọ́ nǹkan kan. Inú yàrá dákẹ́. Eku ni, Bàbá Kọ́kọ́rọ́ sọ fún ara rẹ̀, ó sì kan ìṣó tó kù. Eku! Eku wo ló ń wọ́ àga? Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ti ṣèlérí gbogbo ilẹ̀kùn ilé tuntun fún, etí rẹ̀ á máa gbọ́ ohun tó fẹ́ gbọ́.

Ó kó gbogbo kọ́kọ́rọ́ lé èjẹ́ńtì lọ́wọ́, ó sì tú àpò rẹ̀ síta bó ṣe máa ń ṣe. Èjẹ́ńtì sanwó lójú ẹsẹ̀, ó wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ.

Oòrùn ti dé àtàrí nígbà tí Bàbá Kọ́kọ́rọ́ délé. Ó ra ẹran dání. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ aṣọ àwọn onílé òkè, ọṣẹ ti hó bo apá rẹ̀ dé ìgbọ̀nwọ́. Ó jókòó tì í, ó ń sọ bí iṣẹ́ ńlá ṣe ń bọ̀, bí yóò ṣe ra ẹ̀rọ ìfọṣọ fún un kí ẹ̀yìn rẹ̀ lè sinmi. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín. Ó bi í pé iṣẹ́ wo ló ṣe lówùúrọ̀ tí wọ́n fi sanwó kíá báyẹn. Ó ní yàrá ìsàlẹ̀ tó kù nínú àgbàlá ni òun lọ tì pa, yàrá Dírẹ́bà.

Ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ dúró nínú omi. "Bàbá Dírẹ́bà ńkọ́?"

"Wọ́n ti kó lọ."

"Ta ló sọ fún yín pé wọ́n kó lọ? Èmi àti Màmá jọ dúró ní ibùdókọ̀ láàárọ̀ yìí, kó tó wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí kò sọ rí, ó ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Iyè Bàbá Dírẹ́bà ti ń ra. Ó jáde lọ́jọ́ kan, wọ́n wá a títí, ibùdó ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ti rí i, ó jókòó sídìí ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, ó ń bínú pé wọn ò jẹ́ kí òun tètè gbéra. Ọjọ́ kejì ó tún jáde, mọ́tò fẹ́ẹ̀ gbá a. Màmá ò ní ẹni tó máa fi tì í. Láyé ìjọ́sí, ì bá ní kí ará ilé bá òun ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n ará ilé wo ló kù? Bí kò bá sì lọ síbi iṣẹ́, kí ni wọ́n máa jẹ? Ló bá di pé bó bá ti ń jáde lọ gbálẹ̀ ní báńkì, á gbé omi àti búrẹ́dì sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, á sì ti ilẹ̀kùn láti ìta. Ojú ń tì í, ẹ̀rù sì ń bà á. Bí èjẹ́ńtì bá gbọ́ pé ó ń ti èèyàn mọ́lé, ọ̀nà tó máa fi lé wọn ti là nìyẹn. Ló ṣe kìlọ̀ fún ọkọ rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá kan ilẹ̀kùn, ilé ì báà máa wó, kó má dáhùn.

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ti dìde. Ó bi í ìdí tí kò fi sọ fún òun láti ọjọ́ yìí.

"Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń tẹ̀ lé èjẹ́ńtì kiri? Màmá fi Ọlọ́run bẹ̀ mí pé n má sọ fún yín." Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró. Ó wá wo ojú ọkọ rẹ̀ dáadáa. "Nígbà tí ẹ ń kan ìṣó yẹn, ṣé ẹ ò gbọ́ nǹkan kan?"

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ò lè wò ó. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Mo gbọ́," ó ní.

Ìyàwó rẹ̀ kọjá lára rẹ̀, ó ń sáré lọ, ọṣẹ ṣì wà lápá rẹ̀.

Páànù ni òrùlé ìsàlẹ̀ àgbàlá yẹn níbi tó ti yọ síwájú. Ẹni tó bá ti sùn lábẹ́ rẹ̀ rí ló mọ̀ ọ́n. Bí oòrùn bá ràn, tí fèrèsé ò sí ní ṣíṣí, ibẹ̀ ò yàtọ̀ sí inú ààrò. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ sì mọ̀ ọ́n, ó sùn síbẹ̀ rí. Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, bó ṣe ń sáré tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ ló ń tẹ fóònù. Èjẹ́ńtì gbé e, ó ní apá kejì ìlú ni òun wà, ìpàdé ni òun wà, ṣé kò sí o. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ sọ fún un pé èèyàn wà nínú yàrá náà, kó jọ̀ọ́ kó gbé kọ́kọ́rọ́ bọ̀. Èjẹ́ńtì ní ọgbọ́n àwọn ayálégbé nìyẹn, wọ́n ti gbọ́ pé òun ti yàrá náà pa, wọ́n wá ń rán Bàbá níṣẹ́. Ó ní òun á yà síbẹ̀ lọ́la.

"Ọ̀la kọ́," Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ní. "Màá gé e."

"Bàbá wa, owó iṣẹ́ yín wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá gé irin yẹn, ẹ kó irinṣẹ́ yín kúrò ní ìsọ̀ wa lónìí. Ti ilé tuntun yẹn, ẹ gbàgbé ẹ̀." Kò gbóhùn sókè rárá. Ó pa fóònù.

Ìyàwó Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá pákó, ó ń pe Bàbá Dírẹ́bà. Kò sí ìdáhùn. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ náà pè é. Ó pe oríkì tó mọ̀ pé ó máa ń jẹ́ tẹ̀ríntẹ̀rín. Kò sí ìdáhùn. Ìgbà yẹn ni ọkàn burúkú kan sọ fún un pé bóyá òótọ́ ni èjẹ́ńtì ń wí, bóyá kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, bóyá òun fẹ́ fi ọwọ́ ara òun ba ọjọ́ ọ̀la òun jẹ́ nítorí yàrá òfìfo. Ẹ má bínú sí i. Ẹni tí kò ní nǹkan tó máa pàdánù ló ń ní ọkàn kan ṣoṣo.

Ìdí fèrèsé ló kọ́kọ́ lọ. Ó fi ẹ̀yìn òòlù yọ pákó tó fọwọ́ ara rẹ̀ kàn lówùúrọ̀, ìṣó náà ń ké bó ṣe ń jáde. Ooru rọ́ lù ú lójú. Irin wà nínú fèrèsé náà, orí ò lè gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n ó ti aṣọ fèrèsé sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìmọ́lẹ̀ wọlé. Àga kan wà lábẹ́ fèrèsé, ó dojú dé. Ike omi ti ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ilẹ̀ sì ti gbẹ. Láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri ni Bàbá Dírẹ́bà jókòó sí nílẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ rin gbingbin, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu ara rẹ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀. Ó ń wò wọ́n.

Ìyàwó Bàbá Kọ́kọ́rọ́ bú sẹ́kún. Ó rí ife kan, ó bu omi ẹ̀rọ sínú rẹ̀, ó kì í bọ àárín irin, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó wá mu ún. Bàbá Dírẹ́bà mi orí. Kò yọ ọwọ́ lẹ́nu. Lẹ́yìn díẹ̀, orí rẹ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ojú rẹ̀ ń pa dé.

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ padà sídìí ilẹ̀kùn. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀. Ó ti ṣe iṣẹ́ náà dáadáa jù. Kò sí orí nọ́ọ̀tù tó máa yí, kò sí ibi tí irin máa gbà wọ abẹ́ ọ̀pá yẹn, àgádágodo náà sì jẹ́ irú èyí tó máa ń fi yangàn fún oníbàárà pé olè á kú sídìí ẹ̀. Ó fi ayùn ọwọ́ fà á, ayùn náà ń yọ̀ lórí irin. Ẹ̀rọ tó ń gé irin wà nínú àpò rẹ̀, ṣùgbọ́n iná ni ẹ̀rọ ń mu, èjẹ́ńtì sì ti gé iná ìsàlẹ̀ láti ìgbà tó ti ń wá bí Dírẹ́bà ṣe máa kó lọ. Ó sáré gun òkè, ó ń gbá ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Ilẹ̀kùn mẹ́ta ò dáhùn. Ìkẹrin ṣí díẹ̀, ọmọbìnrin kan yọjú, nǹkan wà létí rẹ̀. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ní kó jọ̀ọ́ kó fún òun ní iná, èèyàn wà nínú yàrá ìsàlẹ̀.

"Èèyàn?" Ọmọbìnrin náà yọ nǹkan etí rẹ̀. "Mo ti lé lọ́dún níbí. Mo rò pé yàrá ẹrù ni."

Ó bi í pé ṣé kò ní kó òun sí wàhálà pẹ̀lú èjẹ́ńtì. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ kò parọ́ fún un. Ó ní ó lè kó o sí wàhálà. Ọmọbìnrin náà dúró, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó wo ojú bàbá náà, ó wọlé lọ. Bàbá Kọ́kọ́rọ́ ti rò pé ó ti parí, ó ti ń sọ̀kalẹ̀, nígbà tí wáyà kan já bọ́ láti ojú fèrèsé òkè sí àárín àgbàlá.

Ẹ̀rọ náà kígbe, iná irin ń ta sí i lójú, kò bìkítà. Fóònù ń dún nínú àpò rẹ̀, kò gbé e. Ìyàwó rẹ̀ ń sọ fún un láti ìdí fèrèsé pé bàbá ń mí, pé bàbá ṣì ń mí, ó ń sọ ọ́ léraléra. Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ kan já, ó mọ̀ pé ìsọ̀ abẹ́ àtẹ̀gùn ti lọ nìyẹn. Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ó kù díẹ̀ kí irin náà já ni Màmá wọlé láti géètì. Ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó gbé báàgì lọ́wọ́, ó ti tú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ láti etí ìró bó ṣe máa ń ṣe. Ó rí irin tó dábùú ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó rí pákó nílẹ̀. Kò ké, kò wó lulẹ̀.

"Ta ló ṣe èyí?"

Ìyàwó Bàbá Kọ́kọ́rọ́ la ẹnu, bóyá èjẹ́ńtì ló fẹ́ dárúkọ, ọkọ rẹ̀ sì ṣíwájú rẹ̀.

"Èmi ni, Màmá."

Màmá wò ó. Ọ̀rọ̀ pọ̀ tó lè sọ. Ó lè rán an létí ògì, ó lè rán an létí ibà, kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Ohun tó sọ ni pé, "Ẹ gé e tán." Irin náà já, ó ró gbàǹgà sílẹ̀, Màmá kọjá lórí rẹ̀, ó fi kọ́kọ́rọ́ kékeré rẹ̀ wá ihò àgádágodo, ó tàsé ihò, ó tún wá a. Ilẹ̀kùn ṣí.

Ó kúnlẹ̀ síwájú ọkọ rẹ̀ láàárín bẹ́ẹ̀dì àti ògiri, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Ó ti tó. Èmi nìyí. Ẹ lè sọ̀rọ̀."

Ìgbà náà ni Bàbá Dírẹ́bà tó jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ bọ́. Wọ́n gbé e jáde sí ibi tí afẹ́fẹ́ wà, wọ́n da omi lé e lórí, wọ́n fún un mu díẹ̀díẹ̀. Ọmọbìnrin òkè ti sọ̀kalẹ̀, ó dúró sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn pẹ̀lú ìgò omi tútù méjì, kò mọ ẹni tó yẹ kó gbé e fún. Ó pẹ́ kí ojú Bàbá Dírẹ́bà tó wálẹ̀. Ó wo àgbàlá náà yí ká bí ẹni pé ó ń wá àwọn tó máa ń wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ìyàwó rẹ̀, ohùn rẹ̀ gbẹ, ó sì ń ṣàlàyé bí ẹni tó jíṣẹ́ tí wọ́n rán an.

"Mi ò dáhùn o. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láàárọ̀ tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, mo ní àbúrò mi ló dé yìí. Mo gbé àga kí n lè rí i. Ó ń kan ìṣó. Mo fẹ́ kí i, ìwọ lo ní n má fọhùn."

Ó wá ń wá a kiri pẹ̀lú ojú, títí ó fi rí i níbi tó dúró sí lẹ́bàá ògiri pẹ̀lú òòlù lọ́wọ́. Ó rẹ́rìn-ín sí i.

"O kú iṣẹ́ o," ó ní.

Bàbá Kọ́kọ́rọ́ gbé òòlù sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú rẹ̀.